Yíyan Olùṣọ́ fún Kọ̀ǹpútà Ilé

Amí kì í lu agogo kí ó tó wọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nípa ètò amí tí ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Kí ni ètò amí yìí gan-an? Òun ni ètò tí ó wọ inú kọ̀ǹpútà ènìyàn láìjẹ́ pé olúwarẹ̀ mọ iṣẹ́ tí ó bá wá, tí ó sì ń kó ọ̀rọ̀ inú ilé lọ fún ẹni tí ó rán an. Òmíràn a máa ka gbogbo lẹ́tà tí a bá tẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń dé ìdí owó tí ó wà ní báńkì. Òmíràn a máa ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí a bá yà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ a máa ya àwòrán ohun tí ó bá wà lójú ẹ̀rọ.

Nítorí èyí ni a fi ń wá ètò mìíràn tí yóò máa wá amí kiri, tí yóò sì máa lé e jáde. Olùṣọ́ ni a lè pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́ pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ olùṣọ́? Kí olùṣọ́ tó lè rí amí, ó ní láti wọ gbogbo yàrá, kí ó sì tú gbogbo àpótí. Àṣẹ tí a fún un kò kéré sí èyí tí amí ń jí lò. Ẹni tí ó bá ṣi olùṣọ́ yàn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún olè.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ní kí ó fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà níbẹ̀, gbé ilé-iṣẹ́ Innovative Marketing àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n ń fi ìpolówó díbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ti yẹ kọ̀ǹpútà wò, àwọn sì ti bá nǹkan búburú nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá ta oògùn rẹ̀, tí wọ́n pè ní WinFixer, DriveCleaner tàbí XP Antivirus. Àjọ náà ní àwọn tí wọ́n tàn jẹ lé ní 1,000,000. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ ní kí ọ̀kan nínú àwọn olùjẹ́jọ́ san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán kò lè tú inú kọ̀ǹpútà wò. Èyí tí ó bá ṣàdédé yọjú, tí ó ń kígbe pé amí ti kún ilé, kí a pa á dé, kí a má sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ayédèrú olùṣọ́ nìyẹn. Olùṣọ́ tòótọ́ pàápàá lè jẹ́ olófòófó. Ètò Avast ń lé fáírọ́ọ̀sì ní ti gidi. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ kan náà kéde pé ilé-iṣẹ́ náà yóò san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń kó àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń yà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tà á nípasẹ̀ Jumpshot, ẹ̀ka rẹ̀ tí ó tì pa ní ọdún 2020.

Báwo ni a ṣe wá lè yan olùṣọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, kí a wo ohun tí ó wà nílé kí a tó lọ sọ́jà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, Microsoft ra ilé-iṣẹ́ GIANT tí ó ní ètò tí ń lé amí. Láti inú rẹ̀ ni Windows Defender ti jáde ní ọdún 2006. Láti ìgbà Windows 8, ní ọdún 2012, ni ó ti ń lé fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Microsoft Defender Antivirus ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Inú Windows ni ó wà, a kì í sì í sanwó ọ̀tọ̀ fún un. Kí a rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kí ó sì máa gba ìmọ̀ tuntun lójoojúmọ́, nítorí amí kò yé pa àwọ̀ dà.

Ìkejì, bí a bá fẹ́ ra òmíràn, kí a má ṣe gba ẹ̀rí ẹnu ẹni tí ń tà á nìkan. AV-TEST ní Magdeburg ní Jámánì, àti AV-Comparatives ní Innsbruck ní Austria, a máa dán àwọn olùṣọ́ wò, wọn a sì máa tẹ èsì jáde. Ohun méjì ni kí a wò níbẹ̀: iye ètò búburú tí ó mú, àti iye aláìṣẹ̀ tí ó fẹ̀sùn kàn. Olùṣọ́ tí ń mú onílé pọ̀ mọ́ olè kò wúlò.

Ìkẹta, kí a ka ìwé àdéhùn rẹ̀, kí a mọ ohun tí yóò máa kó lọ àti ẹni tí yóò fi hàn. Ìkẹrin, kí a má ṣe fi olùṣọ́ méjì sẹ́nu ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo. Wọn a máa dí ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀rọ yóò sì máa falẹ̀. Kí ọ̀kan máa ṣọ́nà. Bí ara bá fu wá, a lè pe èkejì wá yẹ ilé wò. Ìkarùn-ún, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é gan-an ni kí a ti gbà á.

Bí amí bá ti wọlé, lílé e nìkan kò tó, nítorí ohun tí ó ti jí kò ní padà. Kí a lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn tí ó mọ́, kí a sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo.

Ní ìparí, ògiri tí kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Eré ọ̀fẹ́ tí a gbà láìka àdéhùn rẹ̀, àti lẹ́tà àjèjì tí a tú wò, ni ihò tí amí sábà máa ń gbà wọlé. Onílé ni ó ń lu ihò bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́ nìkan kò lè dí i.