Ilé Olópòó Méje Inú Ẹyinjú

Ẹni tó bá kúrò nínú yàrá oníná ní Ẹ̀pẹ́, tó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà lóru tí kò sí òṣùpá, kò ní í kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Bó bá dúró díẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀ lára ilẹ̀. Nígbà tó bá fi tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á ti máa rí ọwọ́ ẹni tó ń wakọ̀. Àmọ́ bí ẹnì kan bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú pẹ́nrẹ́n, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú ní gbogbo àkókò yẹn? Ó gba àwọn onímọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó rí ìdáhùn, díẹ̀ nínú ìdáhùn náà sì wà nínú ìkòkò epo pupa wa.

Ní 1876, Franz Boll, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Róòmù, ṣí ẹ̀yìn ojú ọ̀pọ̀lọ́ tó ti wà nínú òkùnkùn. Ó rí i pé ó pọ́n, ó sì rí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe mú kí àwọ̀ náà ṣá. Ní 1933 ni George Wald, ará Amẹ́ríkà, bá fítámì A nínú ẹ̀yìn ojú kan náà. Iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1967. Láti ara ohun tó mú epo pupa pọ́n ni ara wa ti lè ṣe fítámì yìí, ara fítámì yìí náà ló sì ti ń ṣe èròjà kékeré tó ń jẹ́ retinal.

Retinal nìkan kò lè ríran. Ilé tó ń gbé ló sọ ọ́ dẹni tó níṣẹ́. Ilé náà ni purotéènì tí wọ́n ń pè ní rhodopsin: okùn kan ṣoṣo, tí a fi ègé 348 so pọ̀, tó lọ tó bọ̀ nígbà méje títí tó fi di òpó méje tó dúró nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, bí òpó ilé tí àwọn ará etí omi ń kọ́ sórí ọ̀sà. Ara òpó keje ni retinal so mọ́, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Àwọn òpó fún un mọ́ra débi pé ẹyọ kan lè wà bẹ́ẹ̀ fún ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó tó ṣèèṣì yí fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n kí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo bà á, ó ti nà. Ohun tó nà nínú ilé tóóró kò lè ṣe kó má ti ògiri: òpó kẹfà á yẹ̀ síta, àyè á là nísàlẹ̀ fún purotéènì mìíràn tó ń gbé ìròyìn dìde, títí ọpọlọ yóò fi gbọ́. Ní 2000 ni Krzysztof Palczewski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán ilé náà jáde láti inú ojú màlúù, tí ayé fi rí òpó méjèèje bí wọ́n ṣe dúró.

Tí retinal bá ti nà tán, ilé yìí kò ní ọ̀nà láti tẹ̀ ẹ́ padà. Àfi kó jáde, kó lọ bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un, kó tó padà wọlé. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ yẹn ni ẹni tó wà létí ọ̀sà ń dúró dè.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1971, Dieter Oesterhelt àti Walther Stoeckenius kéde irú ilé mìíràn, láti ara kòkòrò àìfojúrí tó fẹ́ràn iyọ̀, irú èyí tó máa ń mú ẹja oníyọ̀ pọ́n. Òpó méje ló ní, òpó keje ni retinal so mọ́. Àmọ́ nínàró ló ti ń sinmi níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, àwọn òpó sì ń dá a padà láìjẹ́ pé ó jáde, bí ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ó ń ti èérún háídrójìn kan síta, ibẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń rí agbára gbé ayé. Àlejò kan náà, ilé méjì: ọ̀kan ń ríran, èkejì ń jẹun. Kò sí ohun tó yà mí lẹ́nu tó yìí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Wald tún yẹ ojú ẹja wò. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ẹja omi dídùn ń lo àbúrò fítámì A, tó ń jẹ́ kí ojú gba ìmọ́lẹ̀ pupa dáadáa, èyí tó wúlò nínú omi tó dúdú. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kì tí omi rẹ̀ dùn àti ọ̀sà Èkó, ti ìhà Ìkòròdú, tí iyọ̀ òkun ń wọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò lè kọjá níwájú àtẹ epìyà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ́ kí n má wo ojú wọn, kí n máa rò ó èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń lò.

Ní 2011, iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti iléeṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Umudike gbé ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ òféèfèé jáde, kí gààrí náà lè máa fún ọmọ ní fítámì A. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọmọ tó ń kọsẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sáré kiri, àwọn òpó ojú rẹ̀ lè ṣì dúró gbọn-in, kó jẹ́ pé inú ilé ló ṣófo. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, nítorí bí ilé náà bá ṣófo pẹ́, àwọn òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í wó.