Ìpẹtà ní Ìbòrí Táyà Ẹ̀yìn: Ìdènà àti Àtúnṣe

Yorùbá máa ń sọ pé irin dípẹtà tàbí pé ó dógùn-ún. Ohun kan náà ni gbólóhùn méjèèjì ń tọ́ka sí: irin, omi àti ọ́síjìn pàdé, irin sì di ohun pupa tó ń rún. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi Mazda MX-5 ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ eré oníjòkòó méjì láti ilẹ̀ Japan ni, ọdún 1989 ni ó sì kọ́kọ́ jáde. Ọ̀kan lára ibi tí àwọn tó ni ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ lára rẹ̀ ni ìbòrí táyà ẹ̀yìn, ìyẹn páànù tó tẹ̀ kọdọrọ lókè táyà.

Ohun tó ń fà á

Páànù méjì ló pàdé níbẹ̀, ti inú àti ti òde. Ẹrẹ̀ tí táyà ń ta máa ń há sí etí wọn, kì í sì í tètè gbẹ. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì kí yìnyín lè yọ́. Omi oníyọ̀ sì máa ń mú ìpẹtà yára. Ohun kejì fara sin. Lára àwọn MX-5 àkọ́kọ́, ihò wà lẹ́yìn àga tí omi òjò orí òrùlé aláṣọ ń gbà ṣàn jáde nísàlẹ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn. Bí ewé bá dí i, omi lè dúró sínú páànù.

Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Òun ló ń ti ọ̀dà sókè bí ìléròrò. Nítorí náà, bí ọ̀dà bá fi máa wú lóde, inú ti lè bàjẹ́ tipẹ́. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Ìdènà

Ẹ máa fi omi fọ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ ìbòrí náà, pàápàá ní etí rẹ̀. Ẹ fi ohun tó rọ̀ la ihò omi. Wáyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè dá a lu. Bí inú bá ti gbẹ, kí ẹ fọ́n ìda tí wọ́n ṣe fún inú ọkọ̀ sáàárín páànù méjèèjì.

Àtúnṣe

Bí ìpẹtà kò bá tíì ju ojú irin lọ, ẹ ha á títí irin yóò fi máa dán, kí ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà, kí ẹ tó kun ọ̀dà gan-an. Bí ó bá ti lu, a gbọ́dọ̀ gé e dé ibi tí irin ti mọ́, kí ajórin jó páànù tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n dí ojú oríkèé rẹ̀, kí wọ́n sì tún fọ́n ìda sínú. Ẹni tó bá kàn fi fílà dí ihò ti bo egbò mọ́lẹ̀ ni. Ìpẹtà yóò tún yọjú. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn àga ni táǹkì epo wà: iná ìjórin kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láìsí ìmúrasílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ẹwà lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí irin bá jẹrà gan-an ní ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí wọ́n so bẹ́líìtì ìjókòó mọ́, ọkọ̀ lè kùnà nínú àyẹ̀wò ọdọọdún. Ó kan àwa náà, torí pé títì oníyọ̀ ni díẹ̀ lára àwọn tòkunbọ̀ tí à ń rà ti wá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹ wo abẹ́ ìbòrí táyà kí ẹ tó sanwó.