Ẹni Tí Ń Lúwẹ̀ẹ́ Nítorí Sàárà



Nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán ní Ola, lágbègbè Èjìgbò, bàbá kan tí ń ta aṣọ fà mí sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ránṣẹ́ sí i pé òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ la adágún odò kan já, kí òun lè fi kó owó jọ fún àwọn ọmọdé aláìsàn. Ó sì ní kí bàbá òun dá tirẹ̀. Bàbá ní, "Alùfáà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe sàárà, kí ló ń wá lọ sínú omi? Ṣé kì í ṣe ṣekárími nìyẹn? Òmùwẹ̀ ni í bómi lọ o!"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń jókòó rò.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe é. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, Ọ̀gbẹ́ni Akinrodoye Samuel, olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kan, bọ́ sínú ọ̀sà Èkó, ó sì wẹ̀ tọ gígùn afárá Third Mainland tí a ṣí ní ọdún 1990. Kìlómítà 11.8 ni, èyí tí ó lé ní máìlì 7. Ó gbà á tó wákàtí mẹ́ta. Kì í ṣe owó ni ó torí rẹ̀ ṣe é, bí kò ṣe kí àwọn ènìyàn lè ṣàánú àwọn tí ìrònú ti borí wọn títí ayé fi sú wọn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú afárá náà ti rí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti wàásù rẹ̀.

Ní ti owó, ọdún 2006 ni aláwàdà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Walliams, wẹ òkun tí ó wà láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọjá fún ẹgbẹ́ àánú Sport Relief. Ó lo wákàtí 10 àbọ̀ ó lé díẹ̀, owó tí ó sì wọlé lé ní mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé òmùwẹ̀ yóò kéde ọjọ́, ará àti ọ̀rẹ́ yóò ṣèlérí, owó yóò sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àánú. Ọkọ̀ ojú omi kan yóò máa bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́. Wọn a máa na oúnjẹ sí i láti inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà títí yóò fi gúnlẹ̀.

Ọkọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ọlọ́run Allah kìlọ̀ fún wa nínú Sūratul Bákárà, aaya 195, pé kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, tí ó dá nìkan bọ́ sódò, tí kò ní olùgbàlà nítòsí, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń dá, ì báà jẹ́ ọmọ òrukàn ni ó torí rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ kò burú. Hálífà Umar pàṣẹ pé kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, ọfà títa àti ẹṣin gígùn. (Ọ̀pọ̀ nínú àwa alùfáà a máa sọ pé ọ̀rọ̀ Ànábì ni, ti Umar ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.)

Ti ṣekárími ńkọ́? Sūra kan náà, aaya 271, sọ pé bí a bá fi sàárà hàn, ó dára. Bí a bá fi pa mọ́ tí a sì fún aláìní, ó sàn jù fún wa. Nítorí náà ariwo tí òmùwẹ̀ ń pa kò ba sàárà jẹ́, bí ọkàn rẹ̀ bá mọ́. Ìwọ tí o dáwó, bí o kò bá fẹ́ kí wọ́n ka orúkọ rẹ, sọ fún wọn. Kí ọkùnrin sì bo láti ìdodo dé orúnkún. Ṣòkòtò péńpé tí mo ń rí nínú àwòrán kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún bàbá aláṣọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-kéú, wọ́n rán èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ pọnmi tí a ó fi fọ wàláà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, odò ti kún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo dúró létí odò, mo ń ké, nítorí n kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹni tí omi gbé lọ gba èrè ṣàhídì, òótọ́ sì ni. Ìyá náà kò torí ìyẹn dákẹ́ ẹkún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bí 300,000 ni omi pa ní ọdún 2021, àti pé nínú mẹ́rin wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin jámáà pé, nígbà tí ẹ bá ń dáwó mọ́sálásí, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ṣe ìdérí kànga ilé-kéú yín.

Mo ní kí bàbá aláṣọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ bóyá ọkọ̀ yóò tẹ̀ lé e, àti ọ̀dọ̀ ta ni owó ń lọ. Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó ní ìdáhùn tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ti san ìdajì. Ó ní ìdajì yòókù di ìgbà tí ọmọ òun bá jáde sí òdì kejì láyọ̀.