Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú odó àti nínú ìkòkò: ìdí tí iyán àti ọbẹ̀ ìṣápá gúúsù Èkìtì fi rí bí wọ́n ṣe rí

Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìṣẹ̀, ní Èmùré àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, oúnjẹ tó ń tu ará ilé lára jù lọ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni iyán, tí àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè Èkìtì ń pè ní uyán, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí a fi ohun tó wà nítòsí sè. Odó, ọmọ odó, ìkòkò méjì àti ọwọ́ tó mọṣẹ́ ti tó fún un. Síbẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí àwọn ìyá ń gbé nídìí ààrò ló ní ìdí tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè ṣàlàyé, ẹni tó bá sì mọ ìdí náà yóò mọ èyí tó lè dín kù nígbà tí àyè kò bá sí àti èyí tí kò gbọdọ̀ fò.

Ọmọ ilẹ̀ yìí ni iṣu funfun, tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè ní Dioscorea rotundata. Ní ọdún 2019, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science Advances, wọ́n sì fi hàn pé láti ara iṣu igbó ni àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ní agbègbè odò Ọya láàárín ìlà-oòrùn Ghana àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2020 fi kún un pé iṣu inú ọ̀dàn náà wà lára àwọn tó bí i. Lónìí, Nàìjíríà nìkan ló ń pèsè ju ìdajì iṣu gbogbo ayé lọ.

Nínú iṣu tútù, sítáàṣì, ìyẹn èròjà funfun tó máa ń tòrò sísàlẹ̀ omi tí a bá fi fọ iṣu tí a rin, wà ní wóró-wóró líle nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó jẹ́ yàrá tíntìntín tí ara gbogbo ohun abẹ̀mí pín sí. Nígbà tí omi inú ìkòkò bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn wóró náà á mu omi, wọ́n á wú, wọ́n á sì rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó lẹ sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì á máa yọ́. Ìdí nìyí tí iṣu tí kò jinná dénú fi ń ní kókó bó ti wù kí a gún un pẹ́ tó, nítorí pé ọmọ odó kò lè ṣe iṣẹ́ tí iná kò ṣe. Iṣẹ́ ti ọmọ odó ni láti ya àwọn sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ kí ó sì fọ́ díẹ̀ nínú wọn, kí sítáàṣì tó tú jáde lè so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ohun kan tó ń fà. Ẹni tó mọ iyán gún kì í tètè ta omi sí i: yóò kọ́kọ́ fi ọmọ odó tẹ iṣu gbígbóná náà títí tí yóò fi fọ́, yóò gún un títí kókó yóò fi tán, ìgbà náà ni yóò tó máa ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí omi bá ti wọ̀ ọ́ ṣáájú, ńṣe ni kókó á máa yọ̀ kúrò lábẹ́ ọmọ odó.

Iṣu tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú àká dára fún iyán ju iṣu tuntun lọ, torí omi inú rẹ̀ ti dín kù, sítáàṣì rẹ̀ sì ti ki. Ewùrà kò rí bẹ́ẹ̀, omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì yẹ fún ọ̀jọ̀jọ̀ jù.

Agbára tí gígún ń gbà ló mú kí àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. A. Makanjuola ti Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń gún iyán, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọmọ Yorùbá tó yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ ju bí a ti ń ṣe lọ. Èlùbọ́ iyán tí a mọ̀ sí poundo ní tirẹ̀ jẹ́ iṣu tí a ti sè, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀, nítorí náà sítáàṣì rẹ̀ ti wú tẹ́lẹ̀, omi gbígbóná nìkan ló kù kó rí. Ó wúlò fún ẹni tí kò ní odó, pàápàá lókè òkun, ṣùgbọ́n kò fà bí èyí tó ti inú odó jáde.

Ọbẹ̀ ìṣápá ni a lè pè ní ọbẹ̀ Èkìtì tòótọ́. Ìṣápá jẹ́ èèpo rírọ̀ tó bo èso Hibiscus sabdariffa. Oríṣi pupa rẹ̀ ni a fi ń ṣe sobo, òun náà ni àwọn ará Jàmáíkà ń pọn mu nígbà Kérésìmesì, àmọ́ oríṣi funfun ni ti ọbẹ̀. Ásíìdì, ìyẹn èròjà tó ń fa kíkan, pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ń bọ̀ ọ́ pẹ̀lú káún, tí a ń ṣàn án, tí a sì ń fún omi rẹ̀ dànù. Káún máa ń pa kíkan, ó sì máa ń mú kí èèpo náà tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì C àti fítámì B1 jẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, èérún káún kékeré kan tó fún abọ́ ìṣápá méjì, ẹni tó bá sì fẹ́ràn kí ọbẹ̀ kan díẹ̀ lè yọ káún kúrò pátápátá, kí ó bọ̀ ọ́ nínú omi lásán lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn èyí, a ó da epo pupa sínú ìkòkò, a ó jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀ láìjẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ parẹ́, torí pé àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú nílò. Ata, àlùbọ́sà àti irú ni yóò tẹ̀lé e, kí omi ẹran tó wọlé. Ẹ̀gúsí lílọ̀ tí a pò ní àpòpọ̀ kíki ni a ó máa fi ọwọ́ já sínú ọbẹ̀ tó ń hó, a ó sì bò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìrò ó. Nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí ni òróró, purotéènì sì kó ipa tó pọ̀ nínú ìyókù. Purotéènì yìí ló ń dì nígbà tí ooru bá kàn án, gẹ́gẹ́ bí ẹyin ṣe ń dì, bí a bá sì tètè rò ó, ọbẹ̀ náà yóò dà bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tó bá dì tán ni ìṣápá àti ẹja yóò wọ̀ ọ́.

Irú yẹ fún àlàyé tirẹ̀. Nígbà tí a bá bo hóró igi irú tí a ti sè mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, bakitéríà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bacillus subtilis, ìyẹn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí, á fọ́ purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, glutamate á sì jáde, èyí tó jẹ́ èròjà kan náà tí Kikunae Ikeda ṣàwárí nínú ewéko òkun ní Tokyo ní ọdún 1908, tó sì di ìpìlẹ̀ àwọn ohun amọ́bẹ̀dùn tí a ń tà lọ́jà. Ilé tó bá fi irú sọ́bẹ̀ dáadáa lè dín magí àti iyọ̀ kù, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti àtọ̀gbẹ, iyán gbígbóná máa ń tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ní àìsàn náà dín òkèlè kù, kí ó sì jẹ́ kí ọbẹ̀ àti ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo rẹ̀. Iyán tó sùn máa ń le nítorí pé àwọn okùn sítáàṣì tó ti tú ká ń padà so mọ́ra wọn, ooru sì tún lè tú wọn ká.

Ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró, gbígbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ ni àṣà, àṣà tó dára sì ni bí ọbẹ̀ bá hó dáadáa dénú, nítorí pé lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ń fún bakitéríà láàyè láti pọ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan, irú bí Bacillus cereus, lè fi májèlé tí iná kò lè pa sílẹ̀ nínú oúnjẹ tí a gbàgbé síta fún wákàtí púpọ̀. Ọbẹ̀ tó bá ti ń yọ ìfófòó láìsí lórí iná, tàbí tí òórùn rẹ̀ ti yí padà, kí a má ṣe gbé e kaná mọ́. Kí a dà á nù.