Bí Ewé Àgbọn Ẹ̀yìnkùlé Bá Ń Pọ́n

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ń gbé etí òkun, ẹ fi àáké sílẹ̀ ná. Ní Molútẹ̀hìn, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, òkun ti gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Igi àgbọn tí ó kù lẹ́yìn ilé kì í ṣe ohun tí à ń gé dànù nítorí pé ewé rẹ̀ pọ́n. Ohun tí ń pọ́n ewé kì í ṣe ẹyọ kan, a kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Èkíní, ẹ wo àwọn ohun ọ̀gbìn yòókù. Bí etí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata àti ẹ̀gẹ́ bá gbẹ bí ẹni pé iná rà á, omi iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àgbọn a máa fara da omi òkun tí ń wọlé tí ń jáde, ṣùgbọ́n omi tí ó dúró sójú kan a máa ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́. Ẹ la ọ̀nà fún omi náà.

Èkejì, ẹ wo ewé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń pọ́n láti ṣóńṣó wá, tí egungun àárín rẹ̀ ṣì tutù, tí èso kò sì já, ebi ni ń pa igi náà. Iyanrìn etí òkun kò lóúnjẹ púpọ̀. Ẹ da eérú yí ìdí rẹ̀ ká, kí ẹ sì fi èèpo àgbọn bò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ewé tuntun. Bí ó bá dà bí èyí tí a fi sísọ́ọ̀sì gé, tí ihò sì wà lórí igi, ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn oníwo ni. Ojú egbò tí ó dá ni kòkòrò tí ń bí ìtun máa ń yé ẹyin sí, ìtun a sì jẹ ọkàn igi. Ẹ fi wáyà fa ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn náà yọ, kí ẹ sì sun kùkùté jíjẹrà tí ó ń bímọ sí.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù. Bí èso tútù bá kọ́kọ́ já, tí òdòdó dúdú, tí ewé wá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí orí igi fi já, tí ó ku òpó lásán, àrùn Awka ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní 1917 ni a rí i ní Awka, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní 1932 irú rẹ̀ hàn ní Cape St. Paul, ní Ghana. Eérú kò ràn án, kò sì sí oògùn tí àgbẹ̀ lè fi wò ó sàn. Igi yìí ni àáké tọ́ sí: ẹ gé e, ẹ sun ún, kí ẹ sì ké sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹni tí ó gé igi tí ebi ń pa, alààyè ni ó pa. Ẹni tí ó sì ń fi eérú tọ́jú igi Awka, ikú ni ó ń tọ́jú de àgbọn aládùúgbò rẹ̀.