Ìwé Tó Yẹ Ọmọ Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti wá pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Yunifásítì LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1990, Yunifásítì Ajayi Crowther sì dé sí Ọ̀yọ́ lọ́dún 2005, ká má tíì sọ ti àwọn tó ń dá kọ́ ọ lórí fóònù. Ìwé kọ́ ló wọ́n wọn; PDF tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà tán lọ. Ṣíṣà ló ṣòro. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ìwé ni pé ṣé irinṣẹ́ ló ń kọ́ni ni àbí ìpìlẹ̀ iṣẹ́, torí bí àwọn méjèèjì ṣe ń gbó kò dọ́gba.

Ìwé irinṣẹ́ kì í pẹ́ gbó. Ẹ wo Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà: ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde lọ́dún 2008, wọ́n sì pa ẹ̀dà kejì tì pátápátá lọ́dún 2020. Ẹni tó bá ra ìwé àlòkù tó ti pẹ́ lè bá print "Ẹ káàárọ̀" nínú rẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú Python òde òní, àṣìṣe ni kọ̀ǹpútà máa pè é, torí àkámọ́ ti di dandan: print("Ẹ káàárọ̀"). Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò ní mọ̀ pé ìwé ló jẹ̀bi. Á rò pé orí òun ni kò gbé e, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń jáwọ́. Nítorí náà, kó tó sanwó, kó wo ọdún àti ẹ̀dà tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ti ìpìlẹ̀ yàtọ̀. The C Programming Language tí Kernighan àti Ritchie kọ jáde lọ́dún 1978, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1988, kò sì tó 300 ojú ìwé. Síbẹ̀ ohun tó ń ṣàlàyé, bí ètò ṣe ń lo memory, ò tíì yí padà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún òǹkàwé ni pé kó mú ètò kékeré kan ṣiṣẹ́, kó wá máa yọ ibì kan kúrò nínú rẹ̀ kó lè rí irú àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà máa ké. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ àṣìṣe di olùkọ́.

Àwọn kan á ní fídíò YouTube ti tó, pé ChatGPT tiẹ̀ ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀. Fídíò dára fún ẹni tó fẹ́ rí bí nǹkan ṣe ń lọ, àmọ́ ojú tó rí i kì í ṣe ọwọ́ tó ṣe é. Kóòdù tí ẹ̀rọ sì kọ, ẹni tó mọ ìpìlẹ̀ ló máa mọ ibi tó ti kùnà. Ti owó, òótọ́ ni pé ìwé ilẹ̀ òkèèrè wọ́n. Àmọ́ Allen Downey tó kọ ìwé Think Python fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, kò sí olè jíjà níbẹ̀. Èèyàn lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, kó máa kà á láìsí dátà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tún wúlò fún àwọn afọ́jú, tí a sábà máa ń gbàgbé. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ti fìdí múlẹ̀, ìwé tí wọ́n kàn ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ kò ní ohùn. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà gidi ni ẹ̀rọ lè kà sí wọn létí.

Ìwé tó bá wá wu èèyàn, kó ka orí kan níbẹ̀, kó sì gbìyànjú mẹ́ta nínú iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó ná kọ́bọ̀ lé e. Èyí tí kò bá ní iṣẹ́ ṣíṣe kankan, kó dá a padà sórí àtẹ.