Ajá Ìsọ̀ àti Oúnjẹ Ọdún

Bí ọdún bá ti dé, gbogbo wa la máa ń kó àjẹkù fún ajá tó ń ṣọ́ ìsọ̀ lóru àti ológbò tó ń pa eku nídìí àpò ìrẹsì. Ó dára, ẹni tó ń báni ṣiṣẹ́ ló yẹ kó báni jẹun. Ṣùgbọ́n ká wo ohun tí à ń fún wọn.

Egungun adìyẹ tí a ti sè tàbí tí a ti dín léwu púpọ̀. Iná ti gbẹ ẹ́. Bí ajá bá rún un, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóṣóró bí abẹ́rẹ́, á há a lọ́fun tàbí kó gún ìfun rẹ̀.

Àlùbọ́sà ńkọ́? Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ má bínú sí wa. Tútù ni o, sísè ni o, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́, ti ológbò tiẹ̀ tún le jù. Kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó di pé ara rẹ̀ rọ, tí èrìgì rẹ̀ funfun. Nítorí náà ọbẹ̀ ata àti jọ̀lọ́ọ̀fù kì í ṣe tiwọn. Ṣokoléètì àwọn ọmọ náà ńkọ́, májèlé ni fún ajá.

Kí a tó da ata àti àlùbọ́sà sí ẹran, ká bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ká fi omi lásán bọ̀ ọ́, ká yọ egungun àti ọ̀rá rẹ̀, ká pò ó mọ́ ìrẹsì funfun. Díẹ̀ ni o!

Èyí tó bá ń bì léraléra, dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ó lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ sọ fún ọdẹ ọjà náà, torí òun gan-an ló ń gba egungun lọ́wọ́ àwọn oníbàárà fún wọn.